Táyà Mẹ́rin, Iṣẹ́ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Micra kan tó ń ná Ìwó Road sí Ojóò n'Ìbàdàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ fọkanáísà, tí wọ́n sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á rí ohun tí awakọ̀ kò fiyè sí láti ọjọ́ tó ti rà wọ́n. Méjì tó wà níwájú ti ń pá, àgàgà létí. Méjì tó wà lẹ́yìn ṣì ní eyín dáadáa. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ kan náà ló wà lára wọn, ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ rìn. Awakọ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ta táyà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ gbé lé wọn lọ́wọ́ ni kò dọ́gba.

Ẹ wo Micra náà, tàbí Corolla, tàbí Golf. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, iwájú náà ni jíà wà, nítorí náà ó ju ìdajì ìwọ̀n ọkọ̀ lọ tó ti jókòó sórí táyà iwájú kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Táyà iwájú yìí kan náà ló ń fa ọkọ̀. Òun náà ló ń gbọ́ ti sítíárì. Bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréékì, ẹrù ọkọ̀ á rọ́ síwájú (ẹni tó jókòó sẹ́yìn mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ ló ń lọ kan ìjókòó iwájú), táyà iwájú ni yóò sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró náà. Orí ibi tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí ibi tí táyà kan fi ń kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò jù bẹ́ẹ̀. Ti ẹ̀yìn wá ńkọ́? Ó ń tẹ̀lé ni. Kò yani lẹ́nu tí ti iwájú bá jẹ ní ìlọ́po méjì ti ẹ̀yìn, nínú ìlú tí ọkọ̀ ti ń dúró gbé èrò ní gbogbo kọ́nà.

Láyé Peugeot 504, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì 504 wà, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ, nípasẹ̀ ọ̀pá gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń jẹ láàárín ojú nítorí agbára ẹ́ńjìnnì tó ń gbà. Ti iwájú máa ń jẹ létí nítorí yíyà kọ́nà. Hiace ṣì wà lórí ètò yìí, Hilux náà bẹ́ẹ̀ nígbà tí kò bá sí ní fọ́ọ̀ wíìlì. Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á ni pé ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ lónìí, ara 504 ni wọ́n ti kọ́ tiwọn, òfin 504 náà ni wọ́n sì ń gbé lé Corolla lórí.

Ọ̀tún àti òsì náà kì í jẹ bákan náà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ọkọ̀ bá wọ ráńdábáòtì Mókólá, òsì ló máa ń yí sí, ẹrù ọkọ̀ á sì dà sórí táyà ọ̀tún, àgàgà bí awakọ̀ bá ń kánjú. Ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì, tí ráńdábáòtì ti ń yí sí ọ̀tún, táyà òsì ló ń jẹ ìyà náà.

Èyí tó fara sin jù lọ ni ti eyín kọ̀ọ̀kan. Ìlà ti gé ojú táyà sí eyín kéékèèké. Nígbà tí eyín kan bá kanlẹ̀, etí rẹ̀ tó ṣáájú ló kọ́kọ́ ń tẹlẹ̀, ara rẹ̀ á sì fún díẹ̀. Nígbà tó bá ń kúrò nílẹ̀, etí tó kẹ́yìn á yọ̀, á ha títì. Híha náà kéré débi pé kò sí ojú tó lè rí i, ṣùgbọ́n lára táyà Micra, ó ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 500 lọ nínú kìlómítà kan ṣoṣo. Bó bá yá, eyín kọ̀ọ̀kan á ga lápá kan, á kúrú lápá kejì. Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ tí iwájú ń fà ni èyí ń ṣe jù, nítorí pé títẹ̀lé lásán ló ń tẹ̀lé. Kò sí agbára ẹ́ńjìnnì tí yóò ha apá tó ga lọlẹ̀ fún un. Ariwo “wúù, wúù” tó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀, tí mẹkáníìkì ní bíárìn ni, tí ẹ ti ra bíárìn tuntun sí tí kò sì dákẹ́, ẹ lọ wo eyín táyà ẹ̀yìn.

Ohun tó ń wo irú èyí sàn ni kí táyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí sí òdìkejì. Táyà kì í yí sí òdìkejì àyàfi tí ó bá kúrò lápá kan ọkọ̀ bọ́ sí apá kejì. Ìyẹn ni a fi ń dábùú táyà, tí a kì í kàn gbé iwájú sẹ́yìn lásán.

Ètò rẹ̀ nìyí. Nínú ọkọ̀ tí iwájú ń fà, táyà iwájú méjèèjì á lọ sẹ́yìn tààrà, wọn kò ní kúrò lápá tí wọ́n wà. Àwọn ti ẹ̀yìn ni yóò dábùú bọ́ síwájú: ọ̀tún ẹ̀yìn á lọ sí òsì iwájú, òsì ẹ̀yìn á lọ sí ọ̀tún iwájú. Nínú ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì, ẹ dà á dé: ti ẹ̀yìn á wá síwájú tààrà, ti iwájú á dábùú lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń gbàgbé èwo ni èwo lè di òfin kan ṣoṣo mú, pé táyà tó ń lọ gba iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń dábùú, èyí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ ń lọ tààrà. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, táyà kọ̀ọ̀kan á ti jókòó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ní tirẹ̀ lè dábùú gbogbo rẹ̀ tàbí kó tẹ̀lé ti ọkọ̀ tí ẹ̀yìn ń tì. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kẹ́ ẹ bi léèrè.

Àwọn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dábùú. Bí ẹ bá rí ọfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ibi tí ọfà kọjú sí ni táyà náà gbọ́dọ̀ máa yí sí, nítorí náà iwájú sí ẹ̀yìn lápá kan náà nìkan ló lè lọ. Bí táyà ẹ̀yìn bá fẹ̀ ju ti iwájú lọ, bó ṣe wà lára àwọn ọkọ̀ olówó ńlá kan, kò sí iwájú-sẹ́yìn níbẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n kọ OUTSIDE sí lára lè dábùú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí gbọ́dọ̀ máa wo ìta níbikíbi tó bá wà.

Ẹ ó pàdé ẹni tí yóò sọ fún yín pé táyà radial kì í kúrò lápá tó wà, pé bí ó bá ti mọ́ ọn lára láti máa yí sí ibì kan, yóò bẹ́ tí wọ́n bá yí i padà. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá ṣeé tọpa. Láyé àtijọ́, òwú inú táyà a máa gba ara wọn kọjá ní dídábùú. Ọdún 1946 ni Michelin gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí irú mìíràn, tí òwú rẹ̀ lọ tààrà láti etí rímù kan dé èkejì, tí wọ́n sì fi ìgbànú irin sábẹ́ ojú rẹ̀. Ní 1949 ni wọ́n gbé e wá sọ́jà. Nígbà tí irú táyà yìí ń tàn kálẹ̀, àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ bẹ̀rù pé yíyí i sí òdìkejì lè mú ìgbànú náà ṣí kúrò lára rọ́bà, wọ́n sì ní kí táyà máa wà lápá kan náà títí ayé rẹ̀. Ṣíṣe táyà ti lọ jìnnà sí ìgbà yẹn. Àwọn tó ń ṣe é gan-an ló ń ya àwòrán dídábùú sínú ìwé wọn báyìí.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó wàyí, níbi tí àwọn olùpolówó ti máa ń sọ̀rọ̀ àsọdùn. Wọ́n á ní pípààrọ̀ ààyè táyà máa ń mú kí táyà pẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Táyà tuntun sábà ní ìlà tó jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8. Ní ìsàlẹ̀ ìlà wọ̀nyẹn ni òkìtì kéékèèké kan wà. Bí ojú táyà bá ti jẹ dé ibẹ̀, mìlímítà 1.6 ló kù, táyà ti kú nìyẹn. (Ẹni tó ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba kì í fi òkìtì yìí ṣeré: táyà kan tó bá lọ sísàlẹ̀ 1.6 lè fa owó ìtanràn tó tó £2,500 àti póìǹtì 3 lórí láísẹ́ńsì.) Mìlímítà 6.4 la ní láti ná. Ká ní ti iwájú ń jẹ mìlímítà kan ní kìlómítà 8,000, ti ẹ̀yìn ń jẹ ìdajì rẹ̀. Bí a kò bá pààrọ̀ ààyè wọn, ti iwájú á kú ní kìlómítà 51,200, a ó ra méjì; ìwọ̀nyẹn náà á kú ní 102,400, ọjọ́ yẹn gan-an ni ti ẹ̀yìn á kú. Táyà mẹ́fà la lò. Bí a bá ń pààrọ̀ ààyè wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ kú ní nǹkan bíi 68,300. Tí a bá fi ìyẹn wọn 102,400, táyà mẹ́fà náà ló máa jẹ́. Kò sí rọ́bà tó pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ pé ó pọ̀ sí i ń ta nǹkan kan fún yín.

Èrè rẹ̀ wà níbòmíràn. Ìṣirò wa gbà pé táyà ń jẹ dọ́gba lójú títí yóò fi tán, bẹ́ẹ̀ ẹ ti rí i pé kò sí táyà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Táyà tó bá wà lójú kan á jẹ létí, tàbí kí eyín rẹ̀ di ṣágiṣàgi, wọ́n á sì jù ú nù nígbà tí mìlímítà mẹ́ta ṣì wà láàárín rẹ̀. Rọ́bà tí ẹ sanwó rẹ̀ tí ẹ kò lò lèyí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tún wà níbẹ̀: fún ẹni tí kò rìn púpọ̀, táyà ẹ̀yìn tó bá ń dúró de 102,400 lè lo ọdún mẹ́jọ nínú oòrùn wa, rọ́bà rẹ̀ á ti gbẹ á ti sán kí eyín rẹ̀ tó tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ń dúró gírí nínú òjò ju èyí tí méjì rẹ̀ pá lọ.

Òjò yìí gbà kí n dúró díẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ fọkanáísà, nígbà tí oníbàárà bá ra méjì péré, ìbéèrè kan náà ló máa ń wáyé. “Dádì, iwájú ni kí n fi tuntun sí, àbí?” “Iwájú ni, ọmọ mi. Ta ló ń fi tuntun sẹ́yìn?” Ẹ̀rù tó wà nídìí rẹ̀ yé mi: bí táyà iwájú bá bẹ́ lórí eré, sítíárì lè já gbà mọ́ni lọ́wọ́. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó kéré, ẹrù àpọ̀jù àti ogbó ló sábà ń bẹ́ táyà, kì í ṣe kí eyín rẹ̀ ti dín kù díẹ̀. Nínú òjò, iṣẹ́ ìlà ojú táyà ni láti lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ti iwájú kò bá lè lé e mọ́, ọkọ̀ á kọ̀ láti yà, á máa lọ tààrà. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́túlù, ó sì sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀yìn ni kò lè lé e mọ́, ìdí ọkọ̀ ni yóò yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á sì pòyì. Awakọ̀ tó lè gba irú rẹ̀ padà kò pọ̀. Nítorí èyí ni Michelin àti àwọn ilé iṣẹ́ táyà mìíràn fi ń sọ pé ẹ̀yìn ni kí méjì tó tuntun jù wà, èmi náà sì wà lẹ́yìn wọn. Pípààrọ̀ ààyè kò tako èyí, bí ẹ bá ń ṣe é lásìkò. Bí ìyàtọ̀ iwájú àti ẹ̀yìn kò bá tíì tó mìlímítà 2, ẹ pààrọ̀ wọn. Bí ó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi èyí tó ní eyín sílẹ̀ lẹ́yìn kí ti iwájú jẹ tán.

Àsìkò wo wá ni? Kìlómítà 8,000 sí 10,000. Ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní gbogbo 5,000 lè ṣe é ní gbogbo ìgbà kejì, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rántí. Èyí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, nítorí eyín táyà tuntun ga, ó sì ń fún púpọ̀ nígbà tó bá kanlẹ̀; ìgbà yẹn ni jíjẹ wọ́gọwọ̀gọ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn náà ni ẹnikẹ́ni kì í ronú kàn án, torí táyà ṣì ń dán.

Kí wọ́n tó gbé táyà kankan kúrò níbi tó wà, ẹ kà á. Bí bàtà ṣe ń sọ bí oní-nǹkan ṣe ń rìn ni táyà ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, ibi tó sì wà gan-an lọ́rọ̀ náà wà. Tí ẹ bá ti dà á pọ̀, ẹ ò ní mọ ẹsẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, nítorí wáyà tó bá ti yọ lè ya ọwọ́. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé ojú rẹ̀, ẹ fà á láti etí ìta wá sí etí inú, ẹ tún fà á padà. Bí ó bá ń yọ̀ nígbà tí ẹ fà á wọlé, tó sì ń ha ọwọ́ nígbà tí ẹ fà á jáde, tàbí òdìkejì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni táyà náà ń fi rìn bó ṣe ń lọ síwájú: aláínmẹ́ǹtì ti yẹ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ tẹ̀lé bí táyà ṣe ń yí, síwájú, sẹ́yìn. Bí ó bá dán lápá kan tó ha lápá kejì, eyín ṣágiṣàgi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, pípààrọ̀ ààyè á wò ó.

Etí méjèèjì jẹ, àárín kò jẹ: afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń kéré. Àárín nìkan ló jẹ: afẹ́fẹ́ ń pọ̀ jù, ọwọ́ fọkanáísà tó ń fún gbogbo ọkọ̀ ní psi 40 ló ti wá. Etí inú nìkan ló jẹ: aláínmẹ́ǹtì ni, tàbí kòtò ti tẹ nǹkan lábẹ́, tàbí búṣì ti kú. Etí inú yìí burú nítorí pé kò ṣeé rí láti ìta; ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń wo etí ìta tó dára, wáyà sì ti ń jáde nínú. Ẹ yí sítíárì dé òpin, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí ojú táyà bá sì jẹ ní kòtò kòtò káàkiri, ṣọ́ọ̀kì absọ́bà ni kẹ́ ẹ wò.

Èyíkéyìí tó bá wà níbẹ̀, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó pààrọ̀ ààyè. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí aláínmẹ́ǹtì rẹ̀ yẹ̀ ń ba táyà kan jẹ́. Bí ẹ bá ń gbé òmíràn fún un ní gbogbo kìlómítà 10,000, yóò ba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ fún yín tán, ẹ ó sì máa rò pé ìtọ́jú lẹ̀ ń ṣe.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le. Ẹ fi ẹfun kọ ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan wà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí ẹ tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ki orí sábẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ nu ìpẹtà kúrò níbi tí rímù ti ń jókòó. Nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé ná, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa mú u ní ọ̀kánkán, èyí tó dojú kọ èyí tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, kí rímù lè jókòó dọ́gba. Fífi ẹsẹ̀ gun sípánà kì í ṣe agbára, ó ń já ọ̀pá nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún wọn dì.

Ẹ má gbàgbé afẹ́fẹ́. Iye tí iwájú ń gbà lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn, táyà tó sì ṣí lọ síbòmíràn gbọ́dọ̀ gba iye ibi tó lọ. Ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀ ni iye náà wà, lórí bébà kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Psi 32 ni ó sábà jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, tàbí nítòsí rẹ̀. Àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí bí ooru inú táyà bá fi ìwọ̀n 10°C lé sí i, géèjì á fi nǹkan bíi psi 2 lé sí i.

Táyà tòkunbọ̀ ló gba kí n ṣọ́ra sọ̀rọ̀. Michelin ti ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, kò sì pẹ́ sí i tí Dunlop náà dá iṣẹ́ dúró ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà, orí omi ni táyà wa ń gbà wọlé, tuntun àti àlòkù. Ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ orúkọ mẹ́rin, bó ṣe lè rí fún ẹni tó ń ra àlòkù, kò ní rí èrè púpọ̀ nínú pípààrọ̀ ààyè. Ohun tó kéré jù ni kí méjì tó wà níwájú bá ara wọn mu, kí méjì tó wà lẹ́yìn náà bá ara wọn mu, bí ẹ bá sì fẹ́ ṣí wọn, kẹ́ ẹ ṣí méjì méjì.

Èyí tó wà nínú búùtù ńkọ́? Bí sípíà bá jẹ́ ọmọ ìyá àwọn mẹ́rin yòókù, tí rímù rẹ̀ náà bá tiwọn mu, ẹ fà á wọ inú ètò, kí márààrún jọ máa pín iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n kọ 80 km/h sí lára, kò bá wọn pé rárá; ìrìn àtidélé nìkan ló wà fún. Kí ẹ tó fa sípíà kankan wọ inú ètò, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Bí ẹ bá rí 1211 níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é: ojú rẹ̀ lè máa dán bí tuntun nítorí kò tíì kanlẹ̀ rí, àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wá òmíràn rà.